Ẹ Yé Ta Kọ́ńtírólà Bààlúù fún Àwa Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

Mo ti gbé e mì tó. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan tí kọ́ńtírólà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n iná tó ń ti bátìrì lọ sí mọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àti bààlúù kékeré onírìmóòtù, máa jó mọ́ mi lọ́wọ́, tí ẹni tó tà á fún mi á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣáná sí i. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, inú mi á bẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ wa láti Òkè-Baálẹ̀ lọ sí etí omi Erinlẹ̀, lọ́nà Ẹdẹ. A kì í gbé e dé odò Ọ̀ṣun. Ọmọ Òṣogbo ò ní bi mí ní ìdí ìyẹn. Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbẹ́ ẹ, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Bátìrì LiPo (irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan) onísẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló ń gbé mọ́tọ̀ iná inú rẹ̀, ìyẹn fóòtì 22.2. Mo tẹ rìmóòtù báyìí, ọkọ̀ gbérí, omi ń tú yàà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ń fò sókè, ó ń pariwo, "Bọ̀dá, ó ń fò! Ó ń fò!" Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà tí èéfín fi rú lábẹ́ ìdérí. Ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín omi. Apẹja kan ló wa ọkọ̀ lọ bá wa fà á wá sétí omi, a ò tiẹ̀ mọ bí à bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí i, òórùn rọ́bà jíjó gbá mi nímú. Àwọn kàpásítọ̀, ìyẹn àwọn agolo kéékèèké tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, tó wà níbi tí iná bátìrì ń gbà wọlé ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀kan ti là lórí, omi rẹ̀ dúdú, ó ń sun jáde. Ọ̀rá tó bò ó ti yọ́ mọ́ wáyà. Sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni iná ò fọwọ́ kàn. "120A", ìyẹn ámpíà 120, iye iná tí wọ́n ní ó lè gbé, ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà gadagba.

120A níbo? Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń kọ sára nǹkan wọ̀nyí, iye tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni. Iye tó lè gbé láìsinmi kéré sí i dáadáa, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ọ́. Ẹ wo ìṣirò yìí: fóòtì 22.2 lọ́nà 120A, ó lé ní wáàtì 2,600. Ẹni tó ń lọṣọ nílé mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,000. Agbára áyọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lẹ ní kó máa gba inú nǹkan tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ kọjá, ẹ wá purọ́ nípa ohun tó lè gbé!

Ti bààlúù ni wọ́n sì tà fún mi. Bààlúù ní atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ lu kọ́ńtírólà, ara rẹ̀ á máa tutù. Ọkọ̀ ojú omi, a ti dé e pa kí omi má wọlé, atẹ́gùn kankan ò sí níbẹ̀. Omi sì fi nǹkan bí ìlọ́po 800 wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ojúoró bá tún lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, mọ́tọ̀ á há, gbogbo iná á ya lu kọ́ńtírólà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó kọ́ńtírólà ọkọ̀ fi ní ọ̀pá kéékèèké tí omi ń gbà kọjá lára rẹ̀ láti tù ú. Èyí tí mo fi ₦85,000 rà ò ní ọ̀pá kankan. Mo béèrè. Èsì tí ọkùnrin náà fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, iná ni iná."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló tún jó wáyà gígùn mọ́ ọn, kó lè dé ọ̀dọ̀ bátìrì lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ bátìrì kọ́ ló yẹ kéèyàn ti fa wáyà gùn, ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ ni! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kọ́ńtírólà ń já iná tó sì ń so ó padà. Bí wáyà bátìrì bá gùn, gbogbo ìgbà tó bá já a ni fóòtì ń ta sókè, kàpásítọ̀ ló sì ń gbé ìyà náà mì títí tí yóò fi bẹ́. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ yẹ kó mọ èyí.

Láti ìsinsìnyí, bí mítà mi bá ti fi hàn pé ọkọ̀ ń fa 120A, n kò ní fi kọ́ńtírólà tí kò lè gbé 180A láìsinmi sínú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n kọ iye tòótọ́ sí i lára, kí wọ́n kọ ọ́ bóyá ti omi ni tàbí ti òkè. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Mo gbé èyí tó jó padà lọ bá a ní ọjọ́ Ajé. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ọjà tó bá ti wọnú omi, àwọn kì í gbà á padà. Ọkọ̀ ojú omi ni mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo ń rà á fún! Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé òmíràn tí wọ́n kọ 200A sí lára jáde. Mo bi í bóyá 200A yẹn jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àbí ti àìsinmi. Mo bi í pé fóòtì mélòó ló lè gbà, níbo ni omi ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó yí páálí náà dé ìdí, ó wò ó títí.

"₦170,000 ni, ẹ̀gbọ́n. Jálẹ̀ nìyẹn."