Adájọ́ tó ní gbèdéke kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ olóṣèlú

Bí ọ̀rọ̀ Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé ẹ jẹ́ kí àwọn adájọ́ ibẹ̀ jókòó títí ọlọ́jọ́ á fi dé, torí bí ẹ bá fún wọn ní gbèdéke, olóṣèlú á sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń mú adájọ́ wojú olóṣèlú ni kó máa retí pé wọ́n á tún òun yàn. Ẹni tó ń wá sáà kejì á máa ṣọ́ ojú ẹni tó máa fún un. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tòun, kí ló fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ẹ wo Jámánì. Ọdún 12 ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ń túmọ̀ ìwé òfin wọn ní Karlsruhe ń lò. Bó bá pé ẹni ọdún 68 kó tó lò ó tán, ilé yá nìyẹn. Wọn kì í yan ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-ẹjọ́ yìí ló wọ́gi lé ètò ìjọba Olaf Scholz, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, ní oṣù kọkànlá 2023: àṣẹ láti yá bílíọ̀nù 60 yúrò nítorí àrùn Kòrónà ni wọ́n gbà, wọ́n wá fẹ́ darí ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ṣé bí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń ṣe sí ọ̀gá nìyẹn? (Nínú ìpínlẹ̀ 50 tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní, Rhode Island nìkan ló ń fún adájọ́ ilé-ẹjọ́ rẹ̀ tó ga jù ní àga títí ayé.)

Àwọn títí ayé wá ńkọ́, ṣé òṣèlú ò sí lọ́kàn wọn? William O. Douglas ló pẹ́ jù lórí àga Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ọdún 36. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1974. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló ń jókòó sí wá sí kóòtù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fìmọ̀ ṣọ̀kan ní bòókẹ́lẹ́ pé ẹjọ́ yòówù tó bá jẹ́ ìbò tirẹ̀ ló máa pinnu ẹ̀, àwọn á sún un síwájú. Síbẹ̀ kò lọ. Ta ló máa yan ẹni tí á rọ́pò rẹ̀? Ààrẹ Gerald Ford, ẹni tó ṣíwájú àwọn tó fẹ́ yọ Douglas nípò ní 1970.

Kò tán síbẹ̀. Jimmy Carter lo ọdún 4 nípò ààrẹ, kò rí adájọ́ kan ṣoṣo yàn síbẹ̀. Trump yan 3 ní ọdún 4 àkọ́kọ́ rẹ̀. Ikú àti ìfẹ̀yìntì ló ń pín àǹfààní yẹn bó ṣe wù wọ́n.

Ibi kan wà tí mo ti gbà fún àwọn tí kò fẹ́ gbèdéke: adájọ́ tó ṣì lágbára lè ti máa wá iṣẹ́ mìíràn kí sáà rẹ̀ tó parí. Ó yẹ kí òfin dí ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n títí ayé náà ò dí i. John Jay, olórí adájọ́ wọn àkọ́kọ́, fi àga sílẹ̀ ní 1795, ó lọ di gómìnà New York.

Douglas padà yọ̀ǹda ní oṣù kọkànlá 1975, Ford sì fi John Paul Stevens rọ́pò rẹ̀. Ford kúrò nípò ní 1977, ó kú ní 2006. Stevens ṣì ń dájọ́ títí di 2010.