Níbo Ni Kí Awakọ̀ Tákísí Tọ̀ Sí?

Ẹ wo ara ògiri n'Íbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge. "Má tọ̀ síbí." "Ajá nìkan ló ń tọ̀ síbí." Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n kọ iye owó ìtanràn tì í, àwọn mìíràn tún pààlè: ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, àjákù bàtà. Ó dáa, a ti kà á. Ibi tí a kò gbọdọ̀ tọ̀ sí ti yé wa yékéyéké. Awakọ̀ tó jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, tí kò ní í wọlé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ibo ni kó wá tọ̀ sí? Ta ló kọ ìyẹn sára ògiri?

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba awakọ̀ nímọ̀ràn lórí ìlera, "Ẹ máa mu omi dáadáa" ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ kúkú ni. Ẹni tó jókòó sínú Micra tí éésì rẹ̀ ti kú, tí èrò méjì níwájú fún un mọ́ ilẹ̀kùn, tí ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, pure water mẹ́rin sí márùn-ún ló yẹ kó mu lójúmọ́, ìyẹn lítà méjì sí méjì ààbọ̀. Àmọ́ omi tó wọlé á jáde. Bí ìtọ̀ bá ti tó ìdajì pure water kan nínú àpò ìtọ̀, tàbí kó lé díẹ̀, ara á ti máa kìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ nìyẹn, yàtọ̀ sí èyí tó bá òógùn lọ. Níbo?

Awakọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti ṣírò rẹ̀. Bó bá kúrò lórí ìlà ní gáréèjì, ipò rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ̀yìn ni yóò padà sí. Bó bá páàkì sẹ́bàá títì, àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ ti lúgọ dè é, ohun tí wọ́n á sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á ju èrè ọjọ́ náà lọ. Bó bá sọ fún èrò pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú méjì, ìbínú dé: "Dírẹ́bà, ṣé o ò tọ̀ nílé ni?" Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń sanwó sí ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ di ìgbà márùn-ún lójúmọ́ kí ẹ wo bóyá owó oúnjẹ ọ̀sán ò ní í bá a lọ. Ilé epo tó ti ra epo sì rèé, wọ́n ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ máníjà, máníjà ò sì sí nílé. Ni awakọ̀ bá ní òun ò mu omi mọ́. Tàbí kó mu ún, kó wá fún ìtọ̀ mọ́ra fún wákàtí márùn-ún. Ti obìnrin tó ń wa tákísí tilẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ọkùnrin ṣì lè fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ìbòòrí.

Ìtọ̀ tí omi ò tó nínú rẹ̀ máa ń ki. Bó bá ti ki tán, iyọ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì pọ̀ di òkúta nínú kíndìnrín. Ọjọ́ tí òkúta yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà ìtọ̀, géńdé á máa yí nílẹ̀ bí ọmọdé. Ìtọ̀ tó pẹ́ nínú àpò náà ń di ilé ìtura fún kòkòrò àìsàn: títọ̀ á máa ta ni, ibà á tẹ̀ lé e. Ìgbẹ́ á gan, ìjókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́ á ti kó ẹ̀jẹ̀ jọ sídìí, jẹ̀díjẹ̀dí dé. Kí ni wọ́n wá ń tà fún un ní gáréèjì? Páràgá! Ọtí ni wọ́n fi pò ó, ọtí tó tún ń lé ìyókù omi jáde lára, tó sì ń kun ojú ẹni tó fẹ́ gbé èèyàn mẹ́fà lọ sí Ojóo.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bí ni nínú jù. Wọ́n yẹ awakọ̀ wò, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lé ní 140 lórí 90 léraléra, wọ́n kọ oògùn tó ń mú ni tọ̀ fún un. Iṣẹ́ oògùn yẹn gan-an ni pé kó kó iyọ̀ àti omi jáde. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń lò ó. Wọ́n ní olóríkunkun ni. Olóríkunkun kọ́! Ẹ bi í léèrè ibi tó ń tọ̀ sí. Ẹ̀yin awakọ̀ náà, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà pé inú ọkọ̀ lẹ ń gbé. Oògùn mìíràn wà tí kì í gba ọ̀nà ìtọ̀ ṣiṣẹ́, bí amlodipine, bó tilẹ̀ lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú.

Àwọn tó ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní gáréèjì, ẹ ṣe é bó ṣe yẹ! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá agbèrò fà á tán lẹ wọ́ wá, ẹ di bẹ́líìtì lé apá aṣọ rẹ̀, ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, ìtọ̀ sì kún inú rẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún ń gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Kó tọ̀ ná. Kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá tó wà ní ìhòòhò wà ní ìwọ̀n àyà, kó má sọ̀rọ̀. Bó bá ti mu ohun mímu agbára-agbára oníkaféènì, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Títí ẹni kan yóò fi gbọ́, ohun tí awakọ̀ lè ṣe rèé: kó mu pure water kan nílé ní nǹkan bí wákàtí kan kó tó jáde, kó tọ̀ kó tó gbé kọ́kọ́rọ́. Lójú ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀ ni, ìdajì pure water láàárín wákàtí méjì, kì í ṣe mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìtọ̀ bá pupa bíi tíì, omi ti dínkù nìyẹn. Bó bá sì ń tọ̀ ṣáá tí òùngbẹ ò sì kúrò lára rẹ̀, kó má fi ìyẹn dín omi kù o, kó lọ yẹ ṣúgà wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ohun tí à ń béèrè rèé: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin méjì, ti obìnrin kan, táǹkì omi lítà 1,000, ọṣẹ, ẹni kan tí yóò máa fọ̀ ọ́. Kí òfin sì wà pé ẹni tó lọ tọ̀ kò pàdánù ipò rẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ "Má tọ̀ síbí" ṣẹ́kù, ẹ lọ fi ya ọfà síbi tí a ó ti tọ̀.