"Babalú" kì í ṣe orin àwọn baba ńlá wa

Wọ́n tún ti fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa láàárọ̀ yìí: fídíò Desi Arnaz, olórin ará Kúbà tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó gbé ìlù kọ́ ara, tó ń ké "Babalú". Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Orin tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú tòun tirẹ̀ lọ sí Kúbà." Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Margarita Lecuona, obìnrin ará Havana, ìbátan Ernesto Lecuona, olórin Kúbà tó kọ orin "Siboney", òun ló kọ "Babalú", tọ̀rọ̀ tohùn. Akọrin Miguelito Valdés gbé e jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ Casino de la Playa ní 1939. Arnaz bá a nílẹ̀ ni, kó tó di pé tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà gbé e káàkiri láti 1951.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ohun tí orin náà ń wí. Èdè Sípéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé lẹ́nu kó lè dún bí èdè aláwọ̀ dúdú Kúbà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí ìtàgé nígbà náà. Akọrin ń bèèrè àbẹ́là 17 tó máa tò bí àgbélébùú, ìdí sìgá, ọtí líle nínú ife, owó díẹ̀ fún oríire. Kí ló fẹ́ gbà? Kí olólùfẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kó má ní ọkùnrin mìíràn. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni ọdún San Lázaro, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì tí àwọn ará Kúbà so pọ̀ mọ́ Babalú Ayé, ìyẹn Ọbalúayé wa, òrìṣà tí à ń pè ní Olóde. Kúbà ni orin yìí ti wá, kì í ṣe ilé wa.

Mo gbé e sétí ìyá bàbá mi, tó mọ orin Ọbalúayé dáadáa. Ó tẹ́tí díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló ń pariwo orúkọ Olóde lọ́sàn-án gangan báyìí? Pa á!" Yàtọ̀ sí orúkọ yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Wọ́n á ní orúkọ òrìṣà wa ṣáà wà nínú ẹ̀. Ó wà níbẹ̀, orúkọ kan péré. Bóyá Lecuona gbọ́ ìlù wa nígboro Havana, ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tiwa ní Kúbà ni orin Lùkùmí, orin òrìṣà àwọn ìran Yorùbá níbẹ̀, tí ẹnìkan ń dá, tí agbo ń gbè. Merceditas Valdés, akọrin ará Kúbà, kọ irú rẹ̀ sínú àwo. Mo gbé ọ̀kan sétí màmá kan náà. Kò ní kí n pa á. Ó mú ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta níbẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.