Kí Wọ́n Kọ Àdéhùn Sílẹ̀ Kí A Tó Padà Sí Pálíámẹ́ǹtì

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn aṣojú-ṣòfin 60 gbé àbádòfin wá sílé l'Ábùjá pé kí Nàìjíríà padà sí ètò pálíámẹ́ǹtì, níbi tí àwọn aṣòfin ti máa ń yan olórí ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀, ọmọ Òkun kankan kò tíì wọlé ìbò gómìnà. A kò pọ̀ tó láti dá a ṣe. Nínú pálíámẹ́ǹtì tí ẹgbẹ́ kankan kò ti ní àga tó, àwọn díẹ̀ a máa di ẹni à ń bẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ́ ẹnu lásán kò tó wa. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí òfin tuntun náà kà á léèwọ̀ fún olórí ìjọba láti búra wọlé, àfi tí àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ jọ ṣèjọba bá ti tẹ àdéhùn wọn jáde fún gbogbo ènìyàn kà.

A ti jọ ṣe irú ìjọba yìí rí. Lẹ́yìn ìbò 1959, NPC, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Àríwá, ní àga 134 nínú 312, kò tó ìdajì. NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, tó ní 89 pẹ̀lú NEPU alájọṣe rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjà ètò ìkànìyàn dé, nígbà tí ìbò 1964 fi máa pé, wọ́n ti dojú ìjà kọ ara wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jámánì. Ní 2025, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú CDU/CSU àti SPD tó fẹ́ jọ ṣèjọba yan ìgbìmọ̀ kéékèèké 16, ènìyàn 16 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí wọn kò bá fẹnu kò lé lórí, wọn kì í pa á rẹ́: wọ́n á fi í sínú àmì àkámọ́, kí àwọn aṣáájú lè rí ibi tí ìjà wà gan-an. Àdéhùn náà jẹ́ ojú ìwé 144. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa dìbò pọ̀ nílé aṣòfin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ́ lọ bá alátakò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ SPD sì dìbò fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Owó ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ìjọba tó ṣáájú wọn gbójú lé 60 bílíọ̀nù Yúrò tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù wọ́gi lé ní oṣù Kọkànlá 2023. Ní 2024, wọ́n fọ́ lórí ìṣúná. Ìkánjú náà ń ba nǹkan jẹ́. Òfin wọn lórí ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná kúrò lọ́dọ̀ àwọn mínísítà nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣì ń ráhùn. Àtúnṣe rẹ̀ pẹ́ débi pé àwọn aṣòfin kò ráyè kà á, ilé-ẹjọ́ sì dá ìdìbò dúró ní oṣù Keje 2023, ó di oṣù Kẹsàn-án kó tó wọlé.

Nítorí náà, “a ó tún ọ̀nà ṣe” kì í ṣe àdéhùn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀nà Kàbà gba Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ́, iye kìlómítà, iye owó, ìṣúná ọdún wo, mínísítà wo ni yóò gbé e wá, ní oṣù wo. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí àwọn aṣáájú yóò máa pàdé láti parí ìjà kí àbádòfin tó dé ilé. Ẹni tó bá gba ipò mínísítà láìgba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti tà wá lọ́pọ̀.

Àwọn aṣojú wa méjèèjì, ti Yàgbà àti Mọ̀pà-Mùró, ti Kàbà-Bùnú àti Ìjùmú, ni a ń bá wí: ẹ gbé àbá yìí wọlé kí wọ́n tó dìbò lórí àbádòfin náà.