Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìnáwó àti Ọ̀ṣọ́ ní Òṣogbo

Bí àgbà bá pa á lówe pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ ni pé kí tálákà má gbàgbé pé tálákà lòun. Mi ò gbà pé ibẹ̀ ni òwe náà ń lọ. Ẹ wo ìtẹ́ eku tí ẹ bá bá a lẹ́yìn àpótí tàbí nínú àká: háríhá àgbàdo, òwú, àkísà, ohun tó wà nítòsí ló fi tẹ́ ẹ. Ó tẹ́ ẹ débi tó gba òun àtọmọ rẹ̀, ó fún pinpin, ìdí sì nìyẹn tó fi ń móoru. Eku tó bá tẹ́ ìtẹ́ tó tó ti adìẹ, òtútù ni yóò bá a níbẹ̀.

Ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí màmá wa pé ẹni 60 ọdún, mo gba gbọ̀ngàn tó ń gba 400 èèyàn, torí mo rò pé bí ilé bá ṣe tóbi tó lọlá màmá ṣe máa tóbi tó. Àlejò tó wá ò ju 90 lọ. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n so bàlúùnù mọ́ gbogbo òpó, síbẹ̀ ohùn wa ń dún padà sí wa bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá òfìfo. Àga tó ṣófo ló kún inú fọ́tò. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san owó tí mo yá lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, màmá ò sì dùn sí i rárá nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orí kí ẹ tó ka bàlúùnù. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa wá lóòótọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi díẹ̀ lé e fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó máa mú ẹlòmíì dání, nítorí ilẹ̀ Yorùbá la wà. Kánópì kan máa ń gba bí 40 sí 50 èèyàn. Bí orúkọ inú ìwé bá jẹ́ 70, kánópì méjì níwájú ilé ti tó. Ibi tó bá kún fún èèyàn ti ní ọ̀ṣọ́ kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ná owó ọ̀ṣọ́ sí: ẹ̀yìn ibi tí olóde máa jókòó. Ibẹ̀ ni gbogbo fóònù máa dojú kọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwa tá a wà ní Òṣogbo ò sì yẹ ká máa wá aṣọ tí a máa so síbẹ̀ kiri. Ìlú aró la wà. Ìyá àgbà mélòó ló ṣì ní àdìrẹ nínú àpótí lẹ́bàá ibùsùn? Nígbà tí àbúrò mi bímọ, iwájú ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀ la ti sọmọ lórúkọ. Àbúrò màmá mi gbé àpótí tirẹ̀ jáde, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Àdìrẹ oníko wà níbẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kun láfún sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró, tó jẹ́ pé ibi tí láfún bò ni iṣẹ́ ọnà náà. Mo mú òòlù. Àbúrò màmá mi gbá mi lọ́wọ́ dànù.

“Má kàn án níṣòó o! Èyí ni ìyá mi fi pọ̀n mí.”

A ta okùn láti òpó dé òpó, a sì fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ mú márùn-ún níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oòrùn àárọ̀ yọ lẹ́yìn wọn, aró náà wá ń tàn bí omi jíjìn. Okùn àti pẹ́ẹ̀gì nìkan la rà. A ti sọ fáwọn èèyàn pé kí ẹni tó bá ní aṣọ aláwọ̀ aró nílé wọ̀ ọ́ wá, a ò dá aṣọ ẹbí kankan. Tábìlì ìsọmọlórúkọ fúnra rẹ̀ ọ̀ṣọ́ ni: a kó oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare sínú igbá fínfín, a sì tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ wọn. Ìdájí ni kí ẹ gé ewé yẹn, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, torí kì í pẹ́ rọ bí oòrùn bá mú.

Àdìrẹ tuntun tí wọn ò tíì fọ̀ máa ń ṣí o, ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ funfun tàbí kí òjò pa á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà, imọ̀ ọ̀pẹ tó gbó ni kí ẹ gé, ẹ fi màrìwò sílẹ̀. Nílùú tí igbó Ọ̀ṣun wà, àgbà tó bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà mọ ohun tó ń sọ, kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bàlúùnù ńkọ́? Ẹ má fẹ́ ẹ kún dẹ́nu, ẹ sì fi í síbòji, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń fẹ̀ bí oòrùn bá pa á, á sì bẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá mú náà ń dín owó kù. Oṣù kẹjọ tí ayé ń wọ́ wá síbí fún Ọdún Ọ̀ṣun kọ́ ló yẹ kí ẹ máa wá ibi tí àlejò yín máa sùn. Ìnáwó àárọ̀ ò nílò iná, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò epo jẹnẹrétọ̀. Kí ẹ tó háyà kúlà àti àwo, ẹ bi aládùúgbò yín léèrè ná. Inú wọn máa ń dùn pé ẹ pè wọ́n sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a ká àwọn àdìrẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò màmá mi yẹ etí gbogbo wọn wò, ó rí ibi tí ọbẹ̀ kán sí lára ọ̀kan, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ibẹ̀, ó sì sá a sí ibòji. Ó ní kí n má tíì gbé àpótí náà padà sẹ́bàá ibùsùn, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan ń ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀.