Ta ló sọ pé ọmọ tálákà ni Elizabeth Bennet?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àǹtí mi kan tún gbé e dé nídìí iyán: "Ẹ wo Elizabeth inú Pride and Prejudice, ọmọ tálákà tí orí gbé ko olówó." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Fíìmù 2005 ni ọ̀pọ̀ wọn wò, èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń gba inú ilé kọjá. Nínú ìwé tí Jane Austen tẹ̀ jáde ní 1813, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan nínú ilé wọn.

£2,000 ló ń wọlé fún Ọ̀gbẹ́ni Bennet lọ́dún lórí ilẹ̀ rẹ̀, láìsin ẹnikẹ́ni. Láyé ìgbà náà, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin kì í gbà tó £20 lọ́dún. Ẹ ṣírò ẹ̀. Nígbà tí Collins, ìbátan wọn tó wá kí wọn, béèrè èwo nínú àwọn ọmọbìnrin ló se oúnjẹ, ńṣe ni ìyá wọn kanra mọ́ ọn pé àwọn lágbára àtigba alásè, pé àwọn ọmọ òun ò ní nǹkan ṣe ní ilé ìdáná. Ìyá tálákà wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Lady Catherine gan-an, àǹtí Darcy tó jẹ́ olówó tí Elizabeth fẹ́ níkẹyìn, wá halẹ̀ mọ́ Elizabeth kó má fẹ́ Darcy, síbẹ̀ kò lè jiyàn. Elizabeth ní ọ̀tọ̀kùlú ni Darcy, ọ̀tọ̀kùlú ni bàbá òun náà. Lady Catherine ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ìyá ẹ? Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà: lọ́yà ìlú kékeré ló bí ìyá rẹ̀, arákùnrin ìyá rẹ̀ sì ń ṣòwò ní London, nítòsí Cheapside. Owó òwò náà sì ni ti Bingley, ọ̀rẹ́ Darcy tó lówó, àwọn arábìnrin rẹ̀ kàn ń fojú pa á rẹ́ ni.

Wọ́n á ní ẹṣin ni Jane, ẹ̀gbọ́n Elizabeth, gùn lọ sílé Bingley nínú òjò. Ọgbọ́n ìyá rẹ̀ nìyẹn, kó lè sun ibẹ̀! Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà nílé.

Ó dáa, mo gbà: bí bàbá wọn bá kú, Collins ló ni ilé, torí ọkùnrin nìkan ló lè jogún ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọ̀la kì í ṣe ìṣẹ́. Ilé tí ibiṣẹ́ fún bàbá mi la gbé dàgbà, pẹ̀lú dírẹ́bà àti jẹnẹrétọ̀. Ọmọ olówó ni wọ́n ń pè wá. Ìyá mi nìkan ló ń ka oṣù tó kù kí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ká kó ẹrù jáde. Òun ni mo máa ń rí nígbàkigbà tí ìyá Elizabeth bá ń pariwo ọkọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún àǹtí mi. Ó ní kí n jẹ iyán mi kó má tutù.