Pípẹ́ kí ọmọ tó gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kò dáàbò bo ọmọ kankan

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí tó pọ̀ pé ọmọ ọdún 16 tí kò tíì gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. "Jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i, kó má lọ fi ọkọ̀ pa ara rẹ̀." Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Alief ni mò ń gbé ní Houston, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà àti àwọn Látínò, àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò àti Látìn Amẹ́ríkà, ti jọ ń gbé ọgbà ilé kan náà, tí àwọn ọmọ wa sì jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Houston kì í ṣe ìlú tí èèyàn lè máa fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri. Ọmọ tí kò ní láísẹ́ǹsì kì í jókòó sílé. Inú ọkọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń wà. Ta ló ń wa ọkọ̀ yẹn, kí ló sì ti mu kó tó di sítíárì mú? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní NEXT Generation Health Study, tí àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀, NIH, gbé kalẹ̀. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá káàkiri Amẹ́ríkà, títí wọ́n fi dàgbà. Federico Vaca, dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n bá gbé wá ní pàjáwìrì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì wò nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2021 pé àwọn ọmọ Látínò wà lára àwọn tó ń pẹ́ jù kí wọ́n tó gbà á. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú náà ń pẹ́ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn nítorí tiwa. Lára àwọn ọmọ kan náà ni olùwádìí Kaigang Li àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí i ní 2014 pé ọmọ tó bá ti ń wọ ọkọ̀ ẹni tó mutí tàbí tó fa igbó, òun gan-an ni ó ṣeé ṣe jù pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ wakọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Kí ló wá ń fa ìdádúró? Àwọn kan á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ọkọ̀ mọ́, pé fóònù ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ olówó. Ní Texas níbí, ọmọ tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kó tó lè ní láísẹ́ǹsì. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ aládàáni ń gbowó gọbọi. Bí òbí bá ní òun fẹ́ kọ́ ọmọ òun fúnra òun, òfin gbà á láyè, àmọ́ ẹni tó máa kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Wákàtí 30 tún wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi dánra wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tó ti pé 21 tó sì ní láísẹ́ǹsì, 10 nínú rẹ̀ ní alẹ́. Bẹ́ẹ̀, Texas kì í fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ní láísẹ́ǹsì. Ẹ wá wo ọmọ Látínò tí wọ́n bí sí Houston níbí, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe jẹ́. Bàbá rẹ̀ ń kan òrùlé, ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ilé onílé, kò sí ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ta ni yóò jókòó tì í fún wákàtí 30 yẹn? Kì í ṣe pé ọmọ náà kò fẹ́ láísẹ́ǹsì. Ó ń dúró kó pé 18 ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá pé 18 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ọdún 16 tó gba tirẹ̀ ní Texas kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ láti aago 12 òru sí 5 ìdájí, kò sì gbọ́dọ̀ kó ju ọ̀dọ́ kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ. Florida ló kọ́kọ́ fi ìlànà ìpele-ìpele báyìí lélẹ̀ ní 1996, gbogbo ìpínlẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e, torí pé oṣù àkọ́kọ́ tí èèyàn ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ ló léwu jù. Ó sì ti dín ikú àwọn ọmọ kù. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀, ọmọ bá ti lè pé 18, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní Texas, ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà àti ìdánwò, ó tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó lè kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin kúrò níbi àríyá ní aago méjì òru, láìṣe pé ó ti dánra wò lálẹ́ rí. Òfin ní kí ẹni tí kò tíì pé 21 má ní ọtí kankan lára tó bá ń wakọ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Òfin náà dára, àmọ́ òfin kì í gbé ọmọ délé.

Ní ilé ìwé, wọ́n máa ń sọ fún wọn pé, "Bí ẹni tó gbé ọ wá bá ti mutí, pe ilé, aago yòówù kó lù." Ìmọ̀ràn yìí máa ń dùn mí dé egungun. Láti 2017 ni òfin SB 4 ti fún ọlọ́pàá Texas láyè láti bi ẹni tí wọ́n bá dá dúró léèrè ìwé ìgbélùú. Ìyá tí kò ní láísẹ́ǹsì tó jáde ní aago kan òru lè má padà wálé. Ọmọ mọ̀. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kò ní pè é. Á wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ lọ. Àwọn tó sì wà lábẹ́ DACA, ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2012 kí wọ́n má bàa lé àwọn tí wọ́n kó wá ní kékeré láìní ìwé, ẹ̀bi ọtí mímu wakọ̀ kan ṣoṣo tó láti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "àwọn Mẹ́síkò ló fẹ́ràn bíà." Mo gbọ́ ọ níbi ìnáwó wa, ó bí mi nínú. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí òde òwàǹbẹ̀ bá tú lóru ní Houston yìí, ta ló ń wo ojú àwọn tó ń gba kọ́kọ́rọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Kí Texas ṣe bíi New Jersey, tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì kó tó pé 21 gbọ́dọ̀ gba ìlànà ìpele-ìpele yẹn kọjá. Kí ilé ìwé girama ìjọba máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwakọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí òbí tí kò ní ìwé lè ṣe ìdánwò gba láísẹ́ǹsì, bó ṣe rí ní California láti oṣù kìíní 2015. Wọ́n á ní ìyẹn ń san èrè fún arúfin. Ẹni náà ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé kó ṣe ìdánwò kí ó sì ra ìńṣọ́ránsì.

Kí òfin tó yí padà, ohun kan wà tó wà lọ́wọ́ wa. Àgbàlagbà tó jókòó tì ọmọ kò pọn dandan kó jẹ́ òbí rẹ̀. Ẹ̀yin tí láísẹ́ǹsì yín pé ní Alief, ẹ bi ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yín bóyá wọ́n gba ọmọ aládùúgbò láyè nínú ọkọ̀ yín, kí ẹ wá kanlẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ẹ fún ọmọ náà ní nọ́ńbà yín pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù máa dún lóru.